Ọkọ̀ Tí A Kò Jẹ́ Kí Ó Wọ Omi

Ní Kàbà níbí, ẹni tí kò mọ̀ mí dáadáa nìkan ló ń gba gbogbo ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Àwọn tó mọ̀ mí a gba ìdajì, wọn a fi ìdajì yòókù rẹ́rìn-ín. Kò dùn mí. Ìwé mẹ́fà ni bàbá mi ní kí n kà. Mo ka ìwé mẹ́ta lẹ́ẹ̀mejì, mo ṣírò rẹ̀ pọ̀, ó pé mẹ́fà, mo bá kúrò níbẹ̀. Irọ́ wà nínú ohun tí mo fẹ́ kọ yìí, mi ò ní fi pamọ́, ẹ ó dá a mọ̀ bí ẹ bá ti kàn án. Ṣùgbọ́n gbogbo ibi tó bá ti dùn yín wọra níbẹ̀, òótọ́ ni.

Bí mo bá sọ fún ọmọdé òde òní pé ọkọ̀ ojú omi ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé mi kàn, á wo àwọn òkè tó yí wa ká, á wo ọ̀nà tó kún fún eruku, á ní, "Bàbá, nínú omi wo?" Omi Ọya ni. Létí odò náà, lápá Lọ́kọ́jà, ọgbà ńlá kan wà tí a ti ń kan ọkọ̀: èyí tí ń kó èrò sọdá, èyí tó rí pẹrẹsẹ tí ń gbé yanrìn, èyí tó ní ẹ̀rọ tí ń wa ilẹ̀ odò. Àwa Okun pọ̀ níbẹ̀. Òwé tèmi wà, Ìyàgbà wà, Ìjùmú, Bùnù, Ọ̀wọ̀rọ̀, títí kan àwọn Núpé àti Ígálà tí wọ́n ti bá wa gbé pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ló ń kọ́kọ́ kí wa ní "Okun o" kí àwa tó yanu. Láàárọ̀, bí a bá ń wọlé lẹ́nu géètì, okun, okun, okun lẹ ó máa gbọ́, bí ìgbà tí ọ̀wọ́ ẹyẹ bá bà sórí igi.

Jórinjórin ni mí. Ẹni méjì ló ń jó irin ọkọ̀ pọ̀: ọ̀kan á wà nínú ikùn ọkọ̀, ọ̀kan á wà níta. Irin tó wà láàrin yín nípọn, iná ń ké, ẹ kò lè gbọ́ ohùn ara yín, nítorí náà òòlù la fi ń sọ̀rọ̀. Ẹni inú á kan irin lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn ni pé òun ti ṣe tán. Ẹni ìta á dá a lóhùn lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹni inú bá wá ń kàn án léraléra láìdúró, èéfín ti pọ̀ jù, ó fẹ́ jáde, kí ẹ yára ṣílẹ̀kùn.

Ẹni inú tèmi ni ọ̀rẹ́ mi kan, ará Òkè-Bùkún ní ilẹ̀ Bùnù. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ibi tí ológbò bá wò tó bá padà, ibẹ̀ ló ń gbà. Èmi sanra nígbà náà. Ó máa ń sọ pé, "Ará Òwé, kì í ṣe ikùn rẹ ni kò lè wọ inú ọkọ̀ yìí. Ẹnu rẹ ni." Òótọ́ ni pé mo máa ń pa ìtàn fún wọn bí a bá ń jẹun ọ̀sán. Mo sọ fún wọn lọ́jọ́ kan pé ojú mi báyìí ni ọ̀nì kan ṣe jáde látinú odò, tó gun òkè lọ sí ọ́fíìsì, tó ní òun ń wáṣẹ́. Mánéjà bi í bóyá ó ní sàtífíkéètì. Ọ̀nì ní òun ò ní, eyín lòun ní. Mánéjà ní kó máa lọ.

Ọ̀rẹ́ mi ní, "Kò lè rí iṣẹ́ níbẹ̀ láé. Àwọn tó ń bu ni jẹ ní ọ́fíìsì yẹn ti kún."

Ọjọ́ tí wọ́n lé wa, oúnjẹ ọ̀sán náà la ń jẹ. Fóònù ẹnìkan dún. Ti ẹlòmíràn dún. Kí a tó mọ̀, ti gbogbo wa ń dún, nínú àpò, lórí bẹ́ǹṣì, nínú bàtà iṣẹ́ tí a bọ́ sílẹ̀. Mo ní, "Ẹ kú oríire o! Wọ́n ti fi dátà ta wá lọ́rẹ." Àwọn kan ṣì ń rín ẹ̀rín ọ̀rọ̀ mi nígbà tí wọ́n ń ka tiwọn, mo sì rí bí ẹ̀rín náà ṣe ń kú lójú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Mo na fóònù mi sí ọ̀rẹ́ mi. Ó kà á, ó tún un kà, ó dojú rẹ̀ bolẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ mi.

"Wọ́n ní kò sí iṣẹ́ mọ́."

"Fún ta ni?"

"Fún gbogbo wa."

A ti mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ náà ń ṣàìsàn. Ìjọba kò gbé iṣẹ́ fún un mọ́, gbèsè báńkì ti mù ún dé ọrùn, irin tí a ń jó ti ń dé ní díẹ̀díẹ̀ bí oúnjẹ ilé tí ebi wọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣàìsàn máa ń pe àwọn ènìyàn rẹ̀ jọ kí ó tó kú. Alága ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wa, ará Ìyàgbà kan tó tún jẹ́ alàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì, dìde dúró lórí bẹ́ǹṣì tí a fi ń jẹun. Ó ní, "Òfin kò sọ pé kí ilé-iṣẹ́ má wó. Ṣùgbọ́n òfin ní bí wọn yóò bá lé ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n kọ́kọ́ pe ẹgbẹ́, kí wọ́n sọ ìdí rẹ̀, kí a jọ jókòó lórí ohun tí kálukú yóò mú lọ sílé. A kì í lé ènìyàn bí ẹni lé adìẹ."

Mo ní, "Alága, wọ́n tiẹ̀ máa ń ṣe ṣùù fún adìẹ."

Lọ́yà tí ẹgbẹ́ gbà fún wa wá ní ọ̀sẹ̀ náà. Obìnrin ni, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó rin gbogbo ọgbà náà yí ká, ó wá dúró síwájú ọkọ̀ kan ṣoṣo tó kù lórí igi tí a fi gbé e ró. Ọkọ̀ èrò ni, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ọ̀dà ló kù. Ẹni tó fẹ́ rà á wà nísàlẹ̀ odò, ó ti ń dúró dè é. Lọ́yà fọwọ́ kan irin rẹ̀, ó ní, "Báńkì ti gbé ẹsẹ̀ lé ilẹ̀, ó ti gbé ẹsẹ̀ lé ẹ̀rọ. Èyí nìkan ni wọ́n lè tà kíákíá. Bí ó bá ṣì wà níbí, wọ́n gbọ́dọ̀ bá yín sọ̀rọ̀. Bí ó bá ti wọ omi, ilé ẹjọ́ ló kù, ilé ẹjọ́ sì ń pẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ó wọ omi."

Nǹkan tí a dì mú nìyẹn. Kò ṣòro lákọ̀ọ́kọ́, nítorí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni. Odò ti fà sẹ́yìn lọ jìnnà, ó fi ìdí ọkọ̀ sílẹ̀ lórí yanrìn gbígbẹ. Ọkọ̀ tó tóbi báyẹn, ẹnikẹ́ni kò lè fà á. Àfi kí òjò dé, kí odò kún wá bá a níbi tó jókòó sí, kí wọ́n fi gíríìsì kun igi abẹ́ rẹ̀, kí wọ́n gé okùn rẹ̀, kó yọ̀ lọ fúnra rẹ̀. Nítorí náà a jókòó sí ẹnu géètì, a pín ara wa sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́, a ń wo odò bí ẹni ń wo olè tí kò tíì jí nǹkan.

Ọ̀rẹ́ mi ní tòun, inú ọkọ̀ lòun ó máa sùn. Mo mọ ìdí rẹ̀. Ikọ́ ti ń ṣe é tipẹ́, ikọ́ èéfín irin, gbogbo jórinjórin ló ní díẹ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ti kúrò ní díẹ̀. Ilé ìwòsàn kan wà tí ilé-iṣẹ́ ń sanwó fún tó ń fún un ní oògùn. Nígbà tó padà lọ lẹ́yìn tí wọ́n lé wa, nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ní, "Bàbá, ẹ má bínú, ilé-iṣẹ́ yín kò san tiyín mọ́." Ó padà wá bá mi lẹ́nu géètì, ó jókòó lé òkúta.

"Wọ́n ní mi ò sí níbẹ̀ mọ́," ó wí. "Mo fọwọ́ kan ara mi wò, mo ṣì wà."

"Bóyá wọn ò rí ọ ni," mo wí. "O ti tín-ín-rín jù."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́. Nígbà tó dákẹ́, ó nàka sí ọkọ̀. "Dókítà mi nìyẹn. Bí wọ́n bá fún wa ní ẹ̀tọ́ wa, Àbújá ni mò ń lọ tààrà, kí wọ́n wo inú àyà yìí fún mi. Bí ọkọ̀ yẹn bá lọ, mo ti lọ."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wo ọkọ̀ náà bí àyà rẹ̀.

Àwọn ọkùnrin méjì wá nígbà kan láti ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ rà á. Wọ́n gbé àkàbà dání, wọ́n ní àwọn fẹ́ wo inú rẹ̀. Alága kò sí nítòsí, ó lọ sí ìsìn. Èmi ni mo ṣáájú ọ̀wọ́ tó wà níbẹ̀. Mo kí wọn dáadáa, mo fún wọn níbi jókòó, mo wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́: "Ẹ̀yin ọmọ mi, n kò ní kí ẹ má wọlé o. Ṣùgbọ́n òjòlá kan ti wọ inú rẹ̀ láti ìgbà tí iṣẹ́ ti dúró. Ó ti gbé jórinjórin kan mì. Bàtà rẹ̀ nìkan ló pọ̀ jáde." Mo sì nàka sí bàtà ọ̀rẹ́ mi tó wà lẹ́bàá ọkọ̀ níbi tó bọ́ ọ sí.

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Bàbá, ẹ̀yin àgbà yìí, ẹ yé parọ́."

Mo mú òòlù, mo lọ kan irin ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Lẹ́ẹ̀mejì ni ọ̀rẹ́ mi dáhùn látinú. Lẹ́yìn náà a gbọ́ ṣéènì tó ń wọ́ nílẹ̀, gbọọrọgbọ, láti ìdí ọkọ̀ dé orí rẹ̀, àti ohùn kan tó ń kùn bí ẹran tó yó. Àwọn ọkùnrin náà gbàgbé àkàbà wọn. A ṣì ń lo àkàbà náà títí wọ́n fi ti ọgbà pa. Gbogbo wa tó wà lẹ́nu géètì rẹ́rìn-ín títí a fi di ìhà mú, a kò sì tètè gbọ́ pé òòlù inú ọkọ̀ ń dún. Ó ń dún léraléra láìdúró. Nígbà tí a gbé e jáde, ètè rẹ̀ ti funfun, ẹ̀jẹ̀ wà lára aṣọ tó fi nu ẹnu. Ó wò mí, ó mí sókè, ó ní, "Ṣé wọ́n sá?"

Mo ní, "Wọ́n ti dé Ọ̀fẹ̀rẹ̀." Kò sí ibi tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

"Ó dára," ó wí.

Òjò dé. Odò bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ó kọ́kọ́ gba yanrìn, ó gba koríko, ó ń bọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo gbé àkàrà àti ẹ̀kọ gbígbóná wá fún ọ̀rẹ́ mi, tó ṣì ń sùn nínú ọkọ̀, bí ìṣe mi. Omi ti fẹnu kan igi àkọ́kọ́ lábẹ́ ọkọ̀. Mo kan irin lẹ́ẹ̀mejì. Kò dáhùn. Mo rò pé ó ń bá mi ṣeré ni. Mo ní, "Òjòlá, dìde wá jẹun." Mo tún kàn án. Mo wá ń kàn án léraléra, bí ẹni pé èmi ni mo wà nínú tí mo fẹ́ jáde. Alága ló wọlé lọ wò ó. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó yọrí jáde, ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó jókòó sórí àkàbà náà.

Ọ̀rẹ́ mi fi ọwọ́ ṣe ìrọ̀rí, ó bá oorun lọ bẹ́ẹ̀ ni.

Yàrá tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé kò jìnnà sí ọgbà. Ibẹ̀ la tẹ́ ẹní sí fún àwọn tó ń wá bá wa kẹ́dùn. Ní ọjọ́ kejì, mánéjà wá. A kò retí rẹ̀. Yorùbá ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe Okun, apá ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti mú un wá. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ síta. Ó jókòó sórí ẹní láàrin wa, kò béèrè àga. Ó kí ìyàwó ọ̀rẹ́ mi, ó ní kí Ọlọ́run tù ú nínú. Ìyàwó náà bu omi, ó gbé e fún un pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Mánéjà gbà á, ó mu ún tán.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé omi yìí fún àwọn tí kì í ṣe ará wa. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá wá sí ilé òkú rẹ, tó jókòó sórí ẹní, tó mu omi rẹ, ìjà tó wà láàrin yín ti sùn. Kò kú, ó sùn ni. Kò gbọdọ̀ jí títí òkú yóò fi wọlẹ̀ tí àwọn tó lọ sin ín yóò fi padà dé ilé. Mo mọ àwọn ọmọ ìyá méjì ní Kàbà tí wọ́n ń bá ara wọn jà lórí ilẹ̀, tí bàbá wọn kú, tí wọ́n jọ gbẹ́ sàréè, tí wọ́n jọ gbé e, tí wọ́n padà dé ilé, tí wọ́n wẹ ẹsẹ̀, tí wọ́n sì tún gbá ara wọn lójú. Bí ó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Mánéjà dìde. Ó ní, "Ẹ lọ sin ín dáadáa. Bí ẹ bá dé, a ó sọ̀rọ̀."

Òkè-Bùkún là ń gbé e lọ. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìsìnkú, a jókòó, alága sì gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀: ta ni yóò dúró ṣọ́ ọkọ̀? Omi ti dé ìdajì igi. Ẹnìkan láti Ìjùmú ní, "Bí a bá fi ẹnìkan sílẹ̀, a ti pe ẹni tó mu omi wa ní ọ̀tá. Kí òkú tó wọlẹ̀!" Ẹlòmíràn ní, "Ta ló sì fẹ́ gbọ́ pé òun kò sí níbẹ̀ nígbà tí a gbé e?" Alága bi àwọn Núpé àti Ígálà tó wà láàrin wa bóyá àwọn lè dúró. Inú bí wọn. Wọ́n ní ṣé àwọn kò bá a jẹun ni? Bó ṣe di pé gbogbo wa lọ nìyẹn. Mi ò rí ẹni tó ta kò ó nínú wa, mi ò sì mọ bí ẹnikẹ́ni nínú wa ì bá ti ṣe ta kò ó.

Nínú mọ́tò, ojú ọ̀nà burú, pósí ń mì. Mo ní, "Ẹnu ọ̀nà ọ̀run tó há tí wọ́n ń sọ yẹn, ọ̀rẹ́ wa nìkan ni yóò gbà á kọjá láì ya aṣọ." Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ pàápàá rẹ́rìn-ín, inú ẹ̀rín yẹn ló gbà bọ́ sínú ẹkún, a kò sì lè tù ú nínú títí a fi dé.

Mo bi àwọn àgbà Bùnù bóyá wọn kò ní fi aṣọ pupa tí wọ́n fi ń sin ènìyàn ńlá bò ó. Bàbá kan wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Oyè wo ló jẹ?" Mo ní, "Oyè Òjòlá." Kò rẹ́rìn-ín. Aṣọ funfun la fi bò ó. Àwa jórinjórin la gbé e, a kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án. Ó fúyẹ́. Ẹni tó ti ń gbé irin láti ìgbà èwe, ó fúyẹ́ bí agbọ̀n òfìfo. A sùn síbẹ̀ mọ́jú, nítorí òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, a padà lọ́jọ́ kejì.

Láti ẹnu géètì la ti rí i. Ojú ọ̀run ló kọ́kọ́ ṣe wá ní kàyéfì: ó ti pọ̀ jù. Ibi tí ọkọ̀ máa ń dí kò sí ohun tó dí i mọ́. Igi tó jókòó lé wà níbẹ̀, gíríìsì tutù lórí wọn, ó ń dán nínú oòrùn títí lọ bá omi. Okùn tí wọ́n gé wà nílẹ̀.

Mègádì ọgbà, ará Hausa kan tó ti dàgbà bíi tèmi, kò lè wò wá lójú. Alága bi í pé, "Ta ló wá?"

"Ọ̀gá ló wá fúnra rẹ̀, pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ tí n kò mọ̀. Mo ní, àwọn tó ni géètì kò sí nílé. Ó ní kò sí wàhálà, ó ní òun ti bá yín parí ìjà nílé òkú."

"Parí?"

"Bẹ́ẹ̀ ló wí. Ó ní ẹ fún òun lómi."

Kò sẹ́ni tó lù ú. Kò sẹ́ni tó pariwo. Alága rìn lọ sí etí omi, ó fi ẹsẹ̀ kan gíríìsì tó wà lórí igi, ó wò ó, ó padà. Di òní olónìí mi ò mọ̀ bóyá mánéjà mọ ohun tí omi yẹn jẹ́, tó mọ̀ ọ́n tó sì fi rẹ́ wa jẹ. Tàbí ibi tí wọ́n bí i, omi ilé òkú ń pa ìjà pátápátá. Tàbí òùngbẹ lásán ló gbẹ ẹ́. Mo ti rò ó sọ́tùn-ún, mo rò ó sósì. Bó bá jẹ́ èmi ni mo pa ìtàn rẹ̀ ni, ǹ bá ti mọ̀.

Ọ̀rọ̀ lọ́yà ṣẹ. Ilé ẹjọ́ ló kù, ó sì ń pẹ́. Wọ́n á dá ọjọ́, adájọ́ kò ní wá. Wọ́n á dá òmíràn, lọ́yà ilé-iṣẹ́ á ní ara òun kò yá. Wọ́n ní báńkì ló ṣáájú, àwa la tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sọ bóyá ohunkóhun yóò kù nígbà tí báńkì bá kúrò nídìí àwo. Ọ̀pọ̀ nínú wa tú ká. Àwọn kan ń gun ọ̀kadà. Alága padà sí ilẹ̀ Ìyàgbà lọ dá oko iṣu. Èmi padà sí Kàbà, mo ń jó géètì àti fèrèsé fún àwọn tó ń kọ́lé. Ilé mi la sì ń pàdé sí bí lọ́yà bá ránṣẹ́, nítorí pé ó wà láàrin gbogbo wa.

Níbi ìpàdé bẹ́ẹ̀ la wà, lábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ilé mi, nígbà tí ìyàwó ọ̀rẹ́ mi wọlé. Ó ti pẹ́ tí a ti rí i. Ó ti bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀. Ó gbé iṣu lé orí, iṣu ńláńlá, iṣu tuntun, ó sì rìn láti ibi tí mọ́tò já a sí. A dìde láti sọ̀ ọ́. Kò jẹ́ kí a sọ̀ ọ́. Ó sọ ẹrù náà fúnra rẹ̀, ó to iṣu náà síwájú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì kúnlẹ̀ lẹ́yìn wọn.

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n," ó wí, "ẹbí ọkọ mi ló ní kí n wá. Wọ́n ní a ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní nítorí òkú wa ni ẹ ṣe fi ọkọ̀ sílẹ̀, tí ẹ̀tọ́ gbogbo yín fi bọ́ sómi. Ọmọ yín kò lọ sílé ìwé mọ́ nítorí òkú tiwa. Wọ́n ní kí ẹ dárí jì í níbi tó wà. Kí ẹ má fi ọ̀rọ̀ náà há a lọ́rùn."

Gbogbo wa la mọ ohun tó wà nílẹ̀ níwájú wa yẹn. Iṣu ẹ̀bẹ̀ ni. Bí a bá gbé e, a ti gbà pé ọ̀rẹ́ wa ṣẹ̀ wá nígbà tó kú. Bí a kò bá gbé e, a ti kọ̀ láti dárí jì í. Mo wo alága, alága ń wo ilẹ̀. Mo wo àwọn yòókù. Ẹni tó wá láti Ìjùmú ti ń nu ojú.

Mo bá lanu.

"Ìyàwó wa, ta ló sọ fún yín pé ọjọ́ ìsìnkú ni ọkọ̀ lọ?"

Ó gbójú sókè.

"Alẹ́ tó ṣáájú rẹ̀ ló lọ," mo wí. "Gbogbo wa la wà níbẹ̀. Odò ló dé. N kò rí irú rẹ̀ rí láyé mi. Ó dìde dúró bí ènìyàn, ó fi èjìká gbé ọkọ̀ kúrò lórí igi, ìgbì rẹ̀ ga ju ilé yìí lọ. A di okùn mú, gbogbo wa, ó wọ́ wa tuurutu nínú ẹrẹ̀ títí okùn fi já. Bí ọkọ yín bá wà láàyè tó sùn nínú rẹ̀, odò ì bá gbé e lọ. Ọlọ́run ló yọ ọ́."

Ó wò mí fún ìgbà pípẹ́. Ó mọ irú ènìyàn tí mo jẹ́. Ọkọ rẹ̀ á ti sọ fún un nílé. Ó yí ojú kúrò lára mi, ó yí i sí alága, ẹni tí kì í jẹ́ kí n pa ìtàn ní ìpàdé, alàgbà tí kò lè rán ọmọ rẹ̀ kó sọ fún àlejò pé òun kò sí nílé nígbà tí òun wà nílé.

"Bàbá," ó wí, "ṣé òótọ́ ni?"

Ẹ̀fúùfù fẹ́ ewé máńgòrò. Alága nu ẹnu rẹ̀.

"Òótọ́ ni," ó wí. "Èmi ni mo wà lẹ́yìn pátápátá. Èmi ni okùn bọ́ lọ́wọ́ mi kẹ́yìn. Ó bó mi lọ́wọ́." Ó sì na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ọ̀tún sí i, kò jìnnà, kò sún mọ́.

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún wa nígbà tí a ń sin ín?"

"A kì í gbé ẹjọ́ odò wá sílé òkú," alága wí.

Obìnrin náà ṣì kúnlẹ̀. Ó fọwọ́ kan iṣu tó súnmọ́ ọn, ó yí i díẹ̀, bí ẹni ń wá ibi tó ti jẹrà. "Kí ni kí n wá ṣe iṣu yìí?"

Ìyàwó mi, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà láti ìgbà náà, ló dáhùn. "Ṣé kò sí odó nílé yìí ni? Ẹ dìde, ẹ wá bá mi bó o."

Wọ́n jọ gún iyán náà, àwọn méjèèjì, ọmọ odó ń lọ sókè sódò. Ó jókòó, ó bá wa jẹun láti inú àwo kan náà. Ó béèrè ọmọ lọ́wọ́ kálukú. Ó rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí mo sọ pé odò kan náà ló padà wá ní ọjọ́ kejì láti bẹ̀ wá. A kò mẹ́nu kan ẹjọ́ mọ́, bẹ́ẹ̀ adájọ́ kò tíì dá a títí di ìgbà tí mo ń kọ èyí.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, a sìn ín dé ibi tí mọ́tò Bùnù ti ń kó èrò. Ó kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan, okun o, okun o. Nígbà tó kan alága, ó di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú, ó ṣí i, ó wo àtẹ́lẹwọ́ náà dáadáa nínú ìmọ́lẹ̀. Ọwọ́ àgbẹ̀ ni, ó le, ó mọ́, kò sí ojú egbò kankan níbẹ̀.

"Ẹ máa fi òrí pa á, Bàbá," ó wí. "Kó má baà dùn yín."

Ó wọ mọ́tò.